Kí ló ń mú ajá àdúgbò padà sórí koríko wa?

Ní oṣù Kejì ọdún tó kọjá, nígbà tí ọyẹ́ ń palẹ̀ mọ́, mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, mo rí i pé koríko tí mo gbìn síwájú ilé wa ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, ti kú ní ojú mẹ́ta. Ojú kọ̀ọ̀kan rí róbótó bí àwo ìjẹun. Àárín rẹ̀ ti gbẹ, ó pọ́n bí ẹni pé wọ́n da omi gbígbóná sí i, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ yíká tutù yọ̀yọ̀, ó tilẹ̀ ga ju koríko tó kù lọ. Ìyá mi wò ó, ó mi orí. Ó ní, "Ọmọ mi, èyí kì í ṣe ojú lásán. Ẹnì kan ló wá da nǹkan síbẹ̀ lóru."

N kò dá màmá lẹ́bi. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ pupa Kétu, tó mọ bí omi ṣe ń wọ́n wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yóò mọ̀ pé ẹni tó ń fi garawa bomi rin koríko kò ní fẹ́ gbọ́ pé ó ṣàdédé kú. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ṣọ́ ibẹ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ajá pupa kan wọlé wẹ́rẹ́ bí onílé. Abo ni, ti bàbá tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà. Ó gbóòórùn ilẹ̀, ó yípo lẹ́ẹ̀mejì, ó lóṣòó, ó tọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó ń da nǹkan síbẹ̀ lóru nìyẹn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá àwọn ará àdúgbò sọ ọ̀rọ̀ yìí, mo sì rí i pé ohun tí a kò mọ̀ nípa rẹ̀ ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa ju ajá fúnra rẹ̀ lọ. Ẹnì kan á ní aládùúgbò òun ló ń rán ajá sí òun. Ẹlòmíràn á ní orí kunkun ni ajá ní. Ajá kò mọ ìkankan nínú ìwọ̀nyẹn. Ohun kan ló ń wá wá, bí ẹ bá sì ti mọ ohun náà, iṣẹ́ ti dé ìdajì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó pa koríko. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìtọ̀ ajá kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, pé kíkan yẹn ló ń jó koríko. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Yúríà ló wà nínú rẹ̀, yúríà kan náà tí àwọn àgbẹ̀ wa ń rà ní àpò, tí wọ́n ń bù sídìí àgbàdo. Ajá ń jẹ ẹran, ó ń jẹ ẹja. Ohun tí ara rẹ̀ kò lò nínú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ló ń sọ di yúríà, tó sì ń tọ̀ dànù. Àgbẹ̀ tó bá ti bu yúríà ní àbùjù sídìí àgbàdo rí mọ ohun tó ń tẹ̀lé e: ewé á pọ́n, á gbẹ, igi á kú. Ṣùgbọ́n àgbàdo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ìwọ̀nba díẹ̀ ṣàn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á dúdú minimini, á sì ga. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí pẹ̀lú koríko mi. Àárín gba àgbàjù, ó jó. Etí rí ìwọ̀nba gbà, ó jẹun yó.

Ìdí nìyí tí iṣẹ́ abo ajá fi ń hàn lórí koríko ju ti akọ lọ. Kì í ṣe pé ìtọ̀ rẹ̀ le jù. Abo a máa lóṣòó, a sì tú gbogbo rẹ̀ sójú kan. Akọ a gbé ẹsẹ̀ kan sókè, a tọ̀ díẹ̀ sára ògiri, díẹ̀ sídìí igi, a fi ìyókù pamọ́ de òpó tó wà níwájú.

Omi ni oògùn rẹ̀, kò sí òmíràn. Bí ẹ bá rí ajá tó tọ̀, tàbí tí ẹ bá ojú tó rin láàárọ̀, ẹ da garawa omi kan sí i lọ́jọ́ náà gan-an, kí yúríà náà lè là, kó sì wọlẹ̀ lọ. Bí koríko bá ti pọ́n, omi kò lè jí i mọ́. Ó kàn ń tún ilẹ̀ ṣe de èyí tí ẹ máa gbìn tẹ̀lé e ni. Láti oṣù Kẹrin sí oṣù Keje, tí òjò bá ń rọ̀ dáadáa, ẹ lè má rí ojú gbígbẹ kankan. Kì í ṣe pé ajá kò wá. Òjò ló ń bá yín ṣan án. Eérú àti ẹfun tí àwọn kan ń dà sí i kò ṣe àǹfààní, nítorí kì í ṣe kíkan ló pa koríko.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ni pé: kí ló dé tó fi jẹ́ ojú kan náà ni wọ́n ń padà sí? Ẹ lè lé ajá lónìí, kẹ́ ẹ sọ ọ́ ní bàtà, kó ké lọ, lọ́la ó ti tún dúró síbẹ̀.

Imú ni. Inú imú tiwa ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 tàbí 6 ojú tó ń gba òórùn. Ti ajá lè tó mílíọ̀nù 200 sí 300. Ibi tí àwa rò pé ó ti gbẹ, tí kò rùn mọ́, ó ṣì ń ké lójú ajá bí agogo. Ìtọ̀ ni àrokò tiwọn. Bí ọba kan ṣe ń di owó ẹyọ àti ìyẹ́ pọ̀ ránṣẹ́ sí ọba mìíràn láyé àtijọ́, tí ẹni tó gbà á sì ń ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ láìsí ìwé, bẹ́ẹ̀ ni ajá ṣe ń fi ìtọ̀ sọ pé òun ti kọjá níbí, pé akọ ni òun tàbí abo, pé òun ń wá akọ lọ́wọ́ tàbí òun kò wá, pé ó ti pẹ́ tàbí kò pẹ́. A kì í sì í gba àrokò ká má fèsì. Ajá kejì á dé, á kà á, á tọ̀ lé e. Ẹ̀kẹta á fèsì sí ti ẹnì kejì. Ẹ̀yin ń na ajá, ṣùgbọ́n àrokò ṣì wà nílẹ̀.

Nítorí náà, ibi tí iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pípa àrokò yẹn rẹ́. Lórí koríko, omi púpọ̀ ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lára ògiri, lórí símẹ́ńtì àti lára òpó ẹnu ọ̀nà, ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ da fínígà àti omi pọ̀ ní ìdajì-ìdajì, kí ẹ fi rẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má da fínígà sórí koríko o, òun náà ń pa koríko.

Mo ní láti dúró díẹ̀ lórí omi jáfẹ́ẹ̀lì, omi tí a fi ń fọ aṣọ funfun, tí àwọn mìíràn ń pè ní bílíìṣì, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ilé wa kọ́kọ́ ń gbé. Ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀ ń di amóníà, òun ni òórùn líle tó ń ta ni nímú. Bí jáfẹ́ẹ̀lì bá pàdé amóníà, èéfín olóró ló ń jáde níbẹ̀, ó ń dí ọ̀nà ọ̀fun, ó ń mú ojú ta. Bí jáfẹ́ẹ̀lì bá sì pàdé fínígà, èéfín tó tún burú jù ú lọ ló ń jáde. Ẹni tó bá ń ṣe èyí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè wọlé lè dákú síbẹ̀. Ẹ má pa wọ́n pọ̀ láé. Àwọn ohun ìfọlẹ̀ kan tilẹ̀ wà tí amóníà wà nínú wọn. Bí ẹ bá fi fọ ibẹ̀, ńṣe ni imú ajá á máa rò pé ẹlòmíràn tún ti wá tọ̀.

Lẹ́yìn àrokò, ẹ wo ohun tó kọ́kọ́ pè é wọlé. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà wa, mo wo àgbàlá bí ẹni pé èmi ni ajá náà. Ìdí kànga ni a ti ń họ ẹja, ìpẹ́ àti ìfun rẹ̀ sì ń wà nínú garawa tí kò ní ìdérí títí di alẹ́. Àwo omi adìyẹ wà nílẹ̀ tọ̀sán-tòru. Igi máńgòrò wà níbẹ̀. Lórí gbogbo rẹ̀, koríko tí mo ń bomi rin ní ìrọ̀lẹ́ ni ibi tó tutù jù lọ ní gbogbo àdúgbò wa. Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń làágùn díẹ̀, ẹnu tó là tó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Nígbà tí ooru bá mú, ilẹ̀ tútù ló ń wá láti fi ikùn lé. Mo wá ń bomi rin koríko ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ilẹ̀ á ti gbẹ kó tó di alẹ́. A ra garawa tó ní ìdérí fún ìfun ẹja. A ń gbé omi adìyẹ wọlé bí wọ́n bá ti wọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ajá tó ń sùn sí ọ̀dọ̀ wa ti wá ibòmíràn lọ. Kò sí òkò kankan nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá sì ní abo ajá nílé, ẹ ka oṣù. Nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni yóò máa wá akọ, á sì tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ní àsìkò yẹn, akọ á máa ti ọ̀nà jíjìn wá síwájú ilé yín, kò sì sí ata tó lè dá wọn dúró. Ẹ tì í mọ́lé, tàbí kí ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ mọ́.

Ọ̀rọ̀ ata nìyẹn. Òun ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń dárúkọ. Òótọ́ ni pé ajá kò fẹ́ ẹ. Bó bá fà á símú, á sín, á sá. Ṣùgbọ́n òjò kan péré, ó ti tán. Bó bá sì wọ ojú ajá, tàbí ojú ọmọ kékeré tó ń ṣeré lórí koríko kan náà, ìyà ńlá ni. N kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀. Èèpo ọsàn sàn jù ú lọ, kò pa ẹnikẹ́ni lára, àmọ́ bí oòrùn bá ti gbẹ ẹ́, òórùn rẹ̀ lọ, ẹ ó sì tún fọ́n òmíràn. Ìgò omi tí àwọn kan ń tò sórí koríko nílẹ̀ òkèèrè, ajá á kàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ni. Ọ́ìlì mọ́tò tí wọ́n ti lò kù, tí àwọn kan ń gbà lọ́wọ́ mẹkáníìkì láti dà sídìí ògiri, ilẹ̀ ló ń bà jẹ́, ó sì ń pa koríko tí a ní à ń gbèjà.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni káńfọ̀, àwọn bọ́ọ̀lù funfun kéékèèké tí a ń jù sínú àpótí aṣọ nítorí kòkòrò. Àwọn kan ń fọ́n ọn ká àgbàlá. Ó jọ súìtì lójú ọmọ ọdún méjì. Májèlé ni fún ajá, májèlé ni fún ọmọ, pàápàá ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní àìpé tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD, tó wọ́pọ̀ ní apá ilẹ̀ Áfíríkà tiwa níbí: ó lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa ara rẹ̀. Ẹ fi í sínú àpótí, kẹ́ ẹ ti àpótí.

Májèlé eku tí wọ́n ń fi sínú ẹja fún ajá ńkọ́? Mo ti gbé ní àdúgbò kan tí wọ́n ti ṣe é. Ajá náà kò kú lójú ẹsẹ̀. Ó rìn kiri, ó bì sẹ́yìn ilé ẹlòmíràn, adìyẹ ibẹ̀ jẹ èébì náà, mẹ́rin kú. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni wọ́n gba ìyókù ẹja náà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó fi sẹ́nu. N kò lè gbàgbé ariwo ìyá ọmọ yẹn. Ajá tó sì kú, ajá ọdẹ ni, ọdún mẹ́fà ni olówó rẹ̀ ti fi ń bá a wọgbó. Kí ni wọ́n jèrè? Kò tó oṣù méjì tí ajá mìíràn fi gba ààyè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí: ibi tí oúnjẹ àti òórùn bá wà, bí ẹ bá pa ajá tó mọ̀ yín, ajá tí ẹ kò mọ̀ ló ń bọ̀. Bí èyí tí ẹ pa bá ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, tí èyí tó dé kò gbà á, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín ṣí ìlẹ̀kùn fún àrùn.

Ọgbà ni ohun tó dájú jù. Ẹni tó bá lágbára ògiri, kó mọ ọ́n. Ẹni tí kò bá ní, pèrègún àti akòko ti ń ṣe ọgbà fún àwọn baba wa kí símẹ́ńtì tó dé. Ẹ gé igi akòko, ẹ rì í mọ́lẹ̀ nígbà òjò, á hù. Ẹ gbin pèrègún sáàárín. Ìṣòro kan ṣoṣo ni pé ìdí rẹ̀ máa ń là fún ọdún kan tàbí méjì, ìdí yẹn gan-an sì ni ajá ń gbà, kì í ṣe orí. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ dí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tàbí kí ẹ to ẹ̀ka ọsàn wẹ́wẹ́ ẹlẹ́gùn-ún síbẹ̀ títí yóò fi nípọn. Bó bá jẹ́ àwọ̀n irin lẹ lò, ẹ rì í wọlẹ̀ ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, torí ajá mọ ilẹ̀ gbẹ́. Ẹ má gbàgbé abẹ́ géètì. Mo ti rí ilé tí wọ́n fi owó ńlá mọ ògiri rẹ̀, tí ajá ṣì ń gba abẹ́ géètì wọlé.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ajá tí à ń pè ní ajá ìgboro ló ní olówó. Wọn kì í dè wọ́n nítorí olè. Lóru ni wọ́n ń tú wọn sílẹ̀ kí wọ́n lè ṣọ́lé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìdájí ni wọ́n ń wá tọ̀. Mo lọ bá bàbá òdìkejì ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe láàárọ̀ tí inú ṣì ń bí mi. Mo dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ kú ìsinmi." Bàbá ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ṣé kò sí?" Mo sọ ohun tí mo rí. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ajá tèmi? Ajá tèmi kì í jẹ koríko." Mo ní, "Bàbá, kò jẹ ẹ́. Ó ń tọ̀ sí i ni." Mo wá mú bàbá wá wo àwọn ojú mẹ́ta náà, mo sọ ọ̀rọ̀ yúríà. Àgbẹ̀ ni bàbá. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tó ti yé e, ó kàn ń sọ pé, "Bí ó ṣe ń jó àgbàdo nìyí, bí ó ṣe ń jó àgbàdo nìyí." Láti ọjọ́ náà, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń mú ajá lọ sẹ́yìnkùlé tiwọn kó tọ̀ kí wọ́n tó ṣí ìlẹ̀kùn.

Kì í ṣe gbogbo olówó ajá ló ń gbọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sọ ọ́ tó sú yín, ẹ mú ọ̀rọ̀ lọ bá olórí àdúgbò, kó tó di ọ̀rọ̀ màírì, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wa. Ìwé òfin ìlú tí a jogún lọ́wọ́ Faransé, ní abala 1385, sọ pé ẹni tó ni ẹran ló máa dáhùn fún ohun tí ẹran náà bà jẹ́, ì báà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ì báà ti já lọ. Ó dára kí aládùúgbò mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi í ṣe ọ̀rọ̀ àkọ́sọ.

Ohun tó mú kí n má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìí kọjá koríko. Àwọn ènìyàn rò pé ìgbẹ́ ajá ń ṣe ilẹ̀ lóore bí ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti ti màlúù. Rárá. Ajá ń jẹ ẹran, ẹyin aràn inú ìgbẹ́ rẹ̀ sì ń wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Aràn kan wà nínú wọn tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tí kò wọ bàtà wọlé, tó sì ń rìn lábẹ́ awọ bí ìlà pupa tó ń yún. Ẹ fi ṣọ́bìrì kó o lójoojúmọ́, kí ẹ rì í jìnnà sí kànga àti sí ewébẹ̀.

Dìgbòlugi ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ló ń pa lọ́dún kan, Áfíríkà àti Éṣíà ló ń kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ajá ló sì ń kó o ran ènìyàn nínú bí 99 nínú 100. Bí àmì rẹ̀ bá ti jáde lára ènìyàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń yè é. Ṣùgbọ́n kí àmì tó jáde, a lè dá a dúró. Bí ajá bá bu ọmọ yín jẹ lórí koríko yẹn, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Ẹ má fi epo pupa sí i, ẹ má fi ata tàbí èédú sí i. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà fún abẹ́rẹ́, kì í ṣe ọ̀la. Ẹ má dúró wò ó bóyá ajá náà á kú. Bí 70 nínú 100 ajá àdúgbò bá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà gbà mọ́. Nígbà tí mo lọ bá bàbá nítorí koríko, ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ajá rẹ̀ ni mo fi parí rẹ̀, a sì jọ mú un lọ.

Ní ti àwọn ojú mẹ́ta, mo hú koríko gbígbẹ kúrò, mo da omi púpọ̀ sí i fún ọjọ́ mẹ́ta, mo bu ilẹ̀ tuntun sí i, mo sì gé koríko láti ìdí ògiri wá gbìn síbẹ̀ nígbà tí òjò oṣù Kẹrin rọ̀. Méjì ti dí pátá. Ẹ̀kẹta wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, akọ ajá kan tí n kò tíì mọ ilé rẹ̀ sì máa ń gba ibẹ̀ kọjá. Akọ fẹ́ràn ohun tó bá dúró. Mo gbé òkúta ńlá kan sí ìta, ní ẹsẹ̀ mẹ́ta sí koríko. Ara òkúta náà ló ń tọ̀ sí báyìí, mo sì ń fi garawa omi kan ṣan án láràárọ̀.